Táyámúmù Létí Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi omi dá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa, ẹni tó kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tó dúró sójú kan. Ẹ̀yin jàmáà, lọ́kùnrin lóbìnrin, àti ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí tẹ́ ẹ dúró lábẹ́ igi yẹn, ẹ sún mọ́ wa, omi kan náà ni gbogbo wa ń mu. Àmánà ni omi, Ọlọ́hun ló fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìjọba ti ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ bà á jẹ́, wọ́n sì yan àjọ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá tan àjọ yẹn jẹ, kó má rò pé ìjọba nìkan lòun tàn. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Alhaji kan wà ní ìlú Ìdí-Ọsàn, Mùdáṣírù lorúkọ rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sí òkè odò Awẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kírun dáadáa ni o! Iwájú ló máa ń wà. Tó bá di Iléyá, ẹran rẹ̀ á yí àdúgbò ká. Èmi o, tí mo bá ti rí ẹni tí sàráà rẹ̀ ń pariwo tó báyẹn, ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ni kò fẹ́ ká rí? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Omi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, inú odò ni Alhaji ń dà á sí. Ìyá àgbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, Sùwébátù lorúkọ rẹ̀. Odò yẹn ló fi ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Awáwù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Wọ́n fi òrí pa á, kò san. Ìyá wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń mójú tó omi. Ó ní, "Ẹ gbà mí o, odò ń bó ọmọ mi láwọ̀!"

Wọ́n wá. Ṣé ẹ rò pé wọ́n bá ìdọ̀tí níbẹ̀? Omi mọ́ gaara! Wọ́n ní ìyá àgbà ń ṣe ìlara. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn ló ti pe Alhaji lórí fóònù pé, "À ń bọ̀ o," ni Alhaji bá ti ẹ̀rọ pa kí odò lè ṣàn mọ́. Ta lẹni náà? Wọn ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ó lè jókòó síbi wáàsí kan báyìí, kó máa ṣe àmín.

Ìyá ò dákẹ́, ó padà lọ. Ọ̀gá tuntun kan tó ń jẹ́ Lúkúmánù gbọ́ ọ. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ní kí ìyá wọ mọ́tò. Wọ́n ti sún mọ́ ìlú kí olófòófó yẹn tó fura, tó pe Alhaji. Kò sáyè kí odò ṣàn mọ́. Alhaji sáré ní kí wọ́n da álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò sínú kòtò tí omi ìdọ̀tí máa ń kọ́kọ́ dúró sí kó tó lọ sódò. Ó wá gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní pálọ̀, ó fi dá àlejò dúró títí ìdọ̀tí fi rọlẹ̀ sísàlẹ̀ kòtò. Lúkúmánù ò jẹun. Nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn fún mi, èmi náà kọ́kọ́ fura sí i, mo ní bóyá ohun tó ju oúnjẹ lọ ló ń retí.

Alhaji mú wọn dé etí kòtò. "Ọ̀gá, ẹ wò ó! Wáláhì, omi yìí mọ́ ju ti kànga lọ. Èyí gan-an là ń dà sódò."

Lúkúmánù wò ó títí. Omi mọ́ lóòótọ́. Ìyá àgbà mọ̀ pé tí ọkùnrin yìí bá lọ báyẹn, inú omi yẹn náà ni Awáwù yóò máa wẹ̀.

Ibẹ̀ ni ládàánì ti pe ìrun Àlàásárì. Lúkúmánù ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó ní, "Alhaji, ẹ̀yin lẹ máa ṣe lèmọ́mù wa. Omi ti wà nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá ká tẹ̀ lé yín." Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Èmi ò mọ̀.

Alhaji wo omi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a máa ń fi omi yọ ẹnu, a sì máa ń fà á símú. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu erùpẹ̀, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ó ṣe táyámúmù!

Ìyá àgbà ní, "Alhaji, ṣé omi ò sí ni?"

Ẹ̀yin jàmáà, ìgbà wo là ń fi erùpẹ̀ ṣe àlùwàlá? Ṣé kì í ṣe ìgbà tí a ò bá rí omi tó mọ́, àbí tí àìsàn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án? Alhaji náà gbìyànjú ìyẹn. Ó ní, "Òtútù ló ń mú mi." Òtútù, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà!

Lúkúmánù ní, "Ẹ ti ìka kan ṣoṣo bọ̀ ọ́, sà."

Alhaji ki ọwọ́ bọ àpò. Lúkúmánù wọ ìbọ̀wọ́, ó bu omi náà sínú ìgò, ó dé e pa. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, sódà kún inú rẹ̀. Àjọ ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n gbé Alhaji lọ ilé-ẹjọ́. Ara Awáwù ti san, ṣùgbọ́n àpá ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà. Mo fojú ara mi rí i, inú sì bí mi.

Ọkùnrin yìí lè fi Ọlọ́hun búra èké, kò lè fi omi náà yọ ẹnu. Èwo ló bẹ̀rù jù nínú méjèèjì? Ìwọ mẹkáníìkì tó ń da ọ́ìlì sí gọ́tà ńkọ́? Ìwọ tó gbẹ́ ṣalángá sí ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò rẹ? Ohun tó ò lè fi ṣe àlùwàlá, má dà á sínú omi ẹlòmíì.

Ọlọ́hun, fi wá mọ̀nà. Má jẹ̀ẹ́ kí omi tí a bà jẹ́ jẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ Àlùkíyámọ̀. Fún àwọn tó ń ṣọ́ omi wa ní ọkàn tí owó ò lè rà. Àmín.

Ẹ má tíì dìde o. Táǹkì omi tuntun tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa yẹn, àná ni wọ́n gbé e wá. Wọ́n ní ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó wà lókè ọ̀hún ló fi ta wá lọ́rẹ, mo sì rí i tó jókòó níwájú mi níbí. A dúpẹ́, Alhaji tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi omi ibẹ̀ ṣe àlùwàlá. Gbogbo wa á dúró wò yín.