Ọ̀nà Ilé Wà Lọ́wọ́ Òsì

Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá bọ́ọ̀sì padà lọ́nà igbó! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn ín! Ẹ tún un yìn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí nínú ìjọ yìí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa, n kò sì tíì dìde jẹ́rìí láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, mo ti jí ògo Ọlọ́run.

Ìbùkún, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ń ṣe ìgbéyàwó. Ó ní abúlé wa ní ilẹ̀ Okun lòun ti fẹ́ ṣe é, nítorí ibẹ̀ la sin ìyá òun sí. Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Àbújá, máa wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Utako. Èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tó mọ abúlé wa nínú wọn.

Ìbùkún ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù."

Mo ní, "Abúlé wa kò sí nínú fóònù. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ni màá júwe ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì mi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìgbéraga wà níbẹ̀. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìwé kọ, nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, lẹ́yìn iṣẹ́ ní Garki. Mo fẹ́ kí àwọn àna mi rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Mo kọ ojú ìwé kan. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kúrò ní títì níbi tí àwọn ọlọ́pàá máa ń dúró sí. Ẹ máa bọ̀ tààrà títí ẹ ó fi kan oríta. Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ má gba ọwọ́ òsì rárá, ó léwu." Ìbùkún ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Aago mọ́kànlá ló yẹ kí wọ́n dé. Aago méjìlá lù, a kò rí wọn. Aago kan lù. Fóònù wọn kò wọlé. Ìbùkún jáde nínú aṣọ ìyàwó, ó dúró tì mí.

"Dádì, níbo ni wọ́n wà?"

Mo tún pe fóònù Káyọ̀dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ́ jókòó sípò ìyá ìyàwó, kò mọ̀wé. Ó ní, "Jósẹ́fù, ka ohun tí o kọ sí wọn sí mi létí."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí ọ̀tún, ó na ọwọ́.

"Dúró. Ọ̀tún ta ni?"

"Ọ̀tún náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní ọ̀tún ta ni? Yéè! Ìwọ lo máa ń jókòó sí oríta yẹn ta iṣu láti kékeré, tí o kọjú sí títì. Ọ̀tún tìrẹ nìyẹn! Ẹni tó bá ń ti títì bọ̀, òsì ni ilé wà sí!"

Òótọ́ ló sọ. Láti Àbújá, ìyàwó mi ló máa ń sọ fún dírẹ́bà pé, "Yà níbí." Èmi á ti sùn lọ. Àtìgbà tó sì ti kú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo padà lọ síbẹ̀, dírẹ́bà abúlé ló gbé mi.

Ọ̀nà kejì yẹn wọ inú igbó. Oṣù tó ṣáájú, àwọn oníbọn ti jí èèyàn gbé níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ pé kí ọkọ ọmọ mi gbà á.

Mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí a dé oríta, ipa táyà wà nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yà wọ ọ̀nà igbó. Mo ní ká wọ ibẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́kadà ní, "Bàbá, mo níyàwó, mo lọ́mọ." N kò bá a jà. A lọ bá ọlọ́pàá lójú títì.

Ọ̀gá wọn ní, "Bọ́ọ̀sì funfun? Ó ti kọjá tipẹ́. Wọ́n fi ìwé kan hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ní bàbá ìyàwó ló kọ ọ́. Mo ní ẹ máa lọ, bàbá ìyàwó ló kúkú mọ ilé rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo ní, "Olúwa, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Má fi jẹ wọ́n níyà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ mí.

Ẹ̀yin ará, kí n tó dìde, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì funfun ń jáde bọ̀! Halelúyà! Mo kà wọ́n lójú fèrèsé, méjìdínlọ́gbọ̀n pé!

Ìyá Káyọ̀dé ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti wọnú jìnnà kí wọ́n tó rí ewé tútù tí wọ́n kó dí ọ̀nà. Músá dírẹ́bà ní, "Kai! Mọ́tò ló bàjẹ́ níwájú." Ó fẹ́ rọra gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ìyá ní, "Ọmọ mi, dúró. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹni tó ṣáájú ló já ewé yìí dí ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má gba ibẹ̀. Yí orí ọkọ̀ padà."

Ta ló já a? Àwọn obìnrin abúlé kejì tó ń bọ̀ wá bá wa se oúnjẹ ni. Inú oko ni wọ́n gbà jáde sójú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì dí apá tó lọ sínú igbó nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kù lẹ́yìn, kí wọ́n má bàa ṣìnà gba ibẹ̀. Wọn kò mọ̀ nípa bọ́ọ̀sì kankan. Ọlọ́run ló mọ̀!

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá náà pé èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àna wa, bí ẹ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ, ẹ kàn sọ." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Nígbà tí Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn.

Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo dúpẹ́. Ìwọ ará mi tó o ti fi ẹnu tàbí ọwọ́ rẹ ti ọmọ rẹ sọ́nà tí kò dára, tí ohùn rẹ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, má sọ̀rètí nù. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Ẹnì kan lè ti já ewé síwájú rẹ̀. Ìwé tí mo kọ wà nínú Bíbélì mi. Mo ti fa igi lé ọ̀tún, mo kọ òsì sókè rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.