Ejò Ṣán Ọkọ Mi ní Ọ̀nà Kẹsàn-án

Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé inú oko! Ẹ tún fún un lógo, torí ojú ń tì mí láti dúró síbí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Fọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti padà wá sílé ní Erìjìyàn níbí, oko kòkó la ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, pè wá sí ìpàdé kan nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Mo débẹ̀, mo bá Lèmọ́mù lórí àga iwájú, mo bá alága àwọn ọlọ́kadà, mo bá akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ìlera ní Adó. Obìnrin yìí ní ìjọba nìkan ò lè dá a ṣe. Ó ní oògùn oró ejò wà, àmọ́ àwọn ará oko tí ejò ṣán ń kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan ní pátákó tó ní nọ́ńbà ọ̀nà náà àti nọ́ńbà fóònù tí a ó pè, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn wọ́n, kí àwọn ọlọ́kadà mọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyẹn sórí, kí àwọn ilé ìwòsàn sì máa sọ fún ara wọn irú oògùn tó wà lọ́wọ́ wọn.

Mo dìde. Mo ní, "Kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì kan ọlọ́kadà? Kí ni Lèmọ́mù ń wá nínú gbọ̀ngàn wa?" Mo bínú jáde. Ọkọ mi ló jókòó tì wọ́n dópin. Òun náà ló lọ kan pátákó tiwa mọ́ igi: Ọ̀nà Kẹsàn-án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a wà lóko, à ń kó kòkó tí a ti já jọ. Ọkọ mi ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ewé gbígbẹ. Ó fa ọwọ́ yọ, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Fọlá, nǹkan ti ṣán mi." Mo rí i bó ṣe ń wọ́ lọ. Ọká ni, ó sanra bí apá mi.

Ẹ̀yin ará, àbúrò mi ló wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi, ejò ló pa á. Ilé ìwòsàn mẹ́ta la gbé e dé nígbà náà, láti ìlú kan sí òmíràn. Ibi tí a bá dé, wọ́n á ní, "A ò ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbí, ẹ máa lọ síwájú." Ojú ọ̀nà ló kú sí, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

Bàbá Sámúẹ́lì, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, sáré dé pẹ̀lú abẹ. "Ẹ jẹ́ n sín ibẹ̀, kí oró náà lè bá ẹ̀jẹ̀ jáde."

Ọkọ mi mi orí. "Rárá. Wọ́n ní ká má sín in, ká má sì so ó le. Ẹ fi igi ti ọwọ́ mi kó má mì."

Bàbá Sámúẹ́lì wò mí. "Ìyá, ṣé ẹ ó jẹ́ kó kú ni?"

Mo gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sínú igbó.

Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà oko níbi tí fóònù ti ń wọlé, mo pe nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára pátákó. Obìnrin kan gbé e.

"Ọ̀nà wo?"

"Ìkẹsàn-án."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ejò ni."

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ọ̀kadà ń bọ̀." Kò bi mí pé ìjọ wo ni mò ń lọ.

Ọ̀kadà méjì ló dé. Wọ́n fi ọkọ mi sáàárín, Bàbá Sámúẹ́lì dì í mú lẹ́yìn, èmi gun ìkejì. Nígbà tí a ó fi dé títì, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń dúró dè wá, ó gbé wa lọ sí Arámọkọ.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. "Màmá, ogún ìṣẹ́jú la máa fi wò ó. Bó bá dì, ó dáa. Bí kò bá dì, oró náà ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́."

Mo tẹjú mọ́ ìgò yẹn. Ọwọ́ ọkọ mi ti wú kọjá ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń sun nídìí eyín rẹ̀. Nígbà tí àkókò pé, dókítà tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi. Àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu. "Jésù, Jésù" nìkan ni mò ń pè.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní, "Kò lè tó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé méjì wà ní Ẹ̀fọ̀n, mo sì ti pè wọ́n." Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é padà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ṣubú dí ọ̀nà òkè, mọ́tò ò lè kọjá. Dókítà pe alága àwọn ọlọ́kadà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Mo ní ẹni tó mọ òkè yẹn."

A wá ń dúró. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìsọ. "Ẹ gbé mi lọ ulé," bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn, "ẹ gbé mi lọ ulé." Ẹ̀rù bà mí pé ilé tó ń pè kì í ṣe Erìjìyàn.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ bò ó dé ọrùn, kúlà kékeré kan tí abẹ́rẹ́ méjèèjì wà nínú rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀, ó fi okùn dì í mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ló ti alùpùpù rẹ̀ gbà kọjá ọkọ̀ tó ṣubú. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo pẹ́."

Mo bi í lórúkọ. Ó ní, "Làsísì."

Mo rántí ohun tí mo sọ nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bí mi lọ́mọ."

Wọ́n fún ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ méjèèjì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú mìíràn, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò yẹ̀. Ó dorí rẹ̀ kodò, kò sí ohun tó kán sílẹ̀. Dókítà ní, "Ó ti dì, Màmá." Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n gé orí ìka kan tí oró náà ti bà jẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọlọ́run, o ṣé. Fíkà, ẹ ṣé. Nọ́ọ̀sì, dókítà, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó kun pátákó, ẹ ṣé. Mo ti lọ sílé Lèmọ́mù lọ tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò tilẹ̀ rántí. Èmi rántí.

Ìwọ tí èèyàn rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí yìí, má rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé rẹ. Ó lè jẹ́ ẹni tí o ò fẹ́ bá jókòó ló rán sí ọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ìpàdé, lọ, má bínú jáde bíi tèmi.

Bàbá Fọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, kí gbogbo ìjọ rí yín.