Orin Tí Mo Fi Sábẹ́ Ẹ̀rín Matilda

Gbogbo ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ̀ ń pe Matilda ní àjẹ́, irọ́ lẹ̀ ń pa! Èmi Síkírù oní-fídíò ni mo sì kọ́ yín ní irọ́ náà. Ó ti sú mi, n kò lè gbé e mì mọ́.

Ní 1984, ọkọ rẹ̀, Tíṣà Walter, kú. Èmi ni mo ya fídíò ìsìnkú náà. Létí sàréè, Olúyọmí ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń gbọ̀n. Matilda wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i kí ẹ̀rù má bàa bà á. Ojú ìyá nìkan ni kámẹ́rà mi mú, kò mú ọmọ.

Harold, àbúrò olóògbé, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé Walter ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní, "Síkírù, o ò lè ṣe nǹkan kan sí ẹ̀rín yẹn?" Ó yẹ kí n lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀dájú ni mí, mo fẹ́ kó rí i pé mo mọṣẹ́! Mo pa orin ìsìn tí ìjọ ń kọ rẹ́ kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì, mo fi irú orin tí wọ́n ń lò nínú fíìmù nígbà tí apànìyàn bá ń yọ́ bọ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo wò ó. Èmi tí mo ṣe é gan-an, ẹ̀rù obìnrin náà bà mí.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ẹbí péjọ sí pálọ̀ láti wo fídíò. Wọ́n kọ́kọ́ ń sunkún. Bí orin yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹkún dá. Bàbá Adébóyè, olórí ẹbí, fò dìde: "Háà! Matilda, ìwọ lo pa á!" Àwọn tó dúró tì í létí sàréè, tí wọ́n fojú ara wọn rí i, àwọn náà ń pariwo àjẹ́! Ṣé ẹ ò lójú ni? Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n já Olúyọmí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mò ń wò!" Ta ló dá a lóhùn? Mo jókòó síbẹ̀, mo ń jẹ móínmóín.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, iṣẹ́ gbé mi dé Ìbẹ̀fun, níbi tí Matilda ń gbé báyìí. Ó rí mi, ó bu omi fún mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Síkírù. Ṣé ẹ máa ń rí Olúyọmí mi? Wọ́n ní tó bá ti gbọ́ orúkọ mi, ṣe ló máa ń sá." N kò lè mu omi náà.

Ní Sátidé mo lọ sílé ẹbí, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ fídíò mi, mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ bàjẹ́ ni?" ni Bàbá Adébóyè wí. "Fi ohùn sí i jàre."

"N kò fi sí i, Bàbá!"

Olúyọmí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó títí. "Ta ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí yìí, sà?"

"Ìwọ ni."

Harold ti gbọ́ pé mo tú àṣírí wa, ó ń wá mi kiri báyìí láti lù mí. Kó máa bọ̀! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fídíò, ẹ wò mí dáadáa kí ẹ má dà bí mi. Ní ti Matilda, n kò tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kó gba ọmọ rẹ̀ ná.