Ihò fún Etí

Nígbà ìjọba ológun, tí gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, mo jókòó sí ìsọ̀ onírédíò kan ní Ọ̀rẹ̀, mò ń dúró de rédíò mi tó ń tún ṣe, nígbà tí àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ láti abúlé Aráròmí wọlé wá yan ampilifáyà tòkunbọ̀.

"Èyí tó ní ihò makirofóònù ni mo fẹ́," ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ wàásù fún, bàbá ọmọ mi? Ṣé igi kòkó ni?"

"Kó sì gba sípíkà mẹ́rin. Méjì nínú ilé, méjì lójú fèrèsé."

"Kí ṣọ́jà tó bá gbàjọba lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ilé wa!" Ìyàwó yíjú sí ọlọ́jà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ní èyí tó ní ihò nǹkan tí wọ́n fi ń bo etí? Kí bàbá ọmọ mi máa dá gbọ́ ọ, kí n lè rí oorun sùn."

Mo ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó rí bí ojú ọkọ ṣe fà ro. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọkọ rọra ní, "Tí mo bá ń dá gbọ́ ọ, ta ni yóò mọ̀ pé mo ti rà á?"

Ìyàwó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni n ó sọ fún gbogbo Aráròmí. Èmi kì í kúkú lo iná mànàmáná."