Ráká Kan Tí Mo Dìde San

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn náà ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù kò ju kí ilẹ̀kùn ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n pe orúkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi ni mo ti ń sọ pé èmi kọ́. Irọ́ ni. Èmi ni.

Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi ń ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún, òun ló sì kọ́ mi. Bí aṣọ oníbàárà bá ṣẹ́kù bí àtẹ́lẹwọ́, á ká a, á dì í mọ́ èyí tó rán. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í mú tèmi. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó tó fìlà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, mo mú èyí tó tó bùbá, mo ń tà á fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Ìlá. Mo ní, ta ló máa ń wọn aṣọ tí wọ́n ti rán?

Ìyá kan tó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà wọ̀n ọ́n. Opó ni, léèsì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé wá. Ọjọ́bọ̀ ló bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi kò sí níbẹ̀.

"Níbo ni yáàdì kan àbọ̀ mi wà?"

"Mà, bóyá ẹni tó tà á fún yín ni kò wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Tí bàbá rẹ bá ti ìrun Jímọ̀ dé lọ́la, n óò wá sọ fún un."

Ojú tí bàbá mi máa fi wò mí ni mo rò, ẹ̀rù sì bà mí ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tíṣà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, mo mọ̀ pé ìyá náà á wà nílé. Nígbà tí àdúgbò ti gba mọ́sálásí lọ, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní bàbá mi gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, ó pariwo, "Olè!" Mo fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, mo fún un lọ́rùn pé kó ṣáà dákẹ́. Ó dákẹ́, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí rárá.

Bí mo ti ń jáde, Màmá Ọ̀rà, arúgbó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé kejì, gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. A wo ara wa. Mo sáré dé mọ́sálásí, mo ṣe àlùwàlá wàrà-wàrà, mo dúró lápá ọ̀tún bàbá mi ní ìlà ẹ̀yìn, níbi tó máa ń wà nítorí orúnkún tó ń dùn ún.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń wá ẹni tó pa ìyá náà, mo sọ fún wọn pé láti ìgbà kútúbà, ìwàásù tó ṣáájú ìrun, ni mo ti wà ní mọ́sálásí. Wọ́n to àwa ọkùnrin mẹ́jọ sórí ìlà. Màmá Ọ̀rà kọjá ẹni mẹ́ta, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Èyí ni."

Lọ́yà mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí bàbá mi bá ti jẹ́rìí, kò sẹ́ni tó máa gba ti arúgbó. Ní kọ́ọ̀tù, ó dojú kọ arúgbó náà.

"Màmá, ojú yín òsì, ṣé ó ń ríran?"

"Ó ti ń ṣú díẹ̀."

"Oòrùn ọ̀sán sì kọjú sí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tí mo rí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi fi Àlùkùránì búra pé ẹ̀gbẹ́ òun ni mo ti kírun, òótọ́ sì ni. Lọ́yà mi jókòó tayọ̀tayọ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde.

"Baba, ìgbà wo ló dé?"

"N kò rí i nígbà tó dé. Ẹni tó ń kírun kì í wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí lémọ̀mù sálámà láti parí ìrun, tí mo yíjú sọ́tùn-ún, ni mo rí i."

"Kí ló wá ṣe?"

Bàbá mi bojú wo Àlùkùránì tó fi búra. Ìgbà yẹn ni èmi pàápàá rántí.

"Ó dìde."

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. "Ó dìde ṣe kí ni?"

"Ráká méjì ni ìrun Jímọ̀, olúwa mi. Ẹni tó bá pẹ́ dé tó bá ọ̀kan, yóò dìde san èyí tó ti kọjá. Ọmọ mi dìde, ó san ráká kan."

Láti kékeré ni bàbá mi ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló dìde fúnra rẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Mo ti pààyàn, mo ṣì ń san ìrun.

Nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ojú mi. Mo mi orí fún un pé èmi kọ́. Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ẹnu òun ló pa ọmọ òun tí kò ṣẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń wá wò mí ní bàbá kì í lọ mọ́sálásí mọ́, ilé ló ń kírun sí, pé ẹ̀rù ń bà á láti yíjú sọ́tùn-ún láàárín èèyàn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Bàbá mi, èmi ni mo pa á. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí mọ́sálásí. Màmá Ọ̀rà, ojú yín ríran dáadáa, ẹ dárí ẹ̀rín jì mí. Ẹ̀yin ọmọ ìyá tíṣà, n kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sọ pé kékeré ni ohun tí ẹ mú. Bí wọ́n bá sì ká yín mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín lọ́jọ́ náà, kó tán síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹni tó fẹ́ràn yín ṣe ẹlẹ́rìí irọ́ yín. Ká ní mo dúró de bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn kí n jẹ́wọ́ fún un, ì bá nà mí, ì bá sunkún, à bá sì jọ jẹun alẹ́.