Ẹ̀gẹ́ Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ilé Bana Chanda

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ yín sókè sí Ọlọ́run alààyè! Halelúyà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀ wa àti ìyá ìjọ. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, Bùsọ́lá lorúkọ mi. Inú báráàkì Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí mi sí, sójà ni bàbá mi, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ sílé ìwé. Màmi ló jókòó sí ìlà kejì yẹn, Igbó-Elérin ni wọ́n ń gbé báyìí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì títí mo fi di dókítà. Kì í ṣe dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́ o! Lánàá òde yìí, arábìnrin kan dá mi dúró ní Ìyànà Ìbà pé kí n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń tọ́jú, ẹ má bínú.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ kan ní Sámbíà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ lágbègbè tí mo wà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń rò ó bí àwa ṣe ń ro láfún. Àmọ́ àrùn kan wọ inú ẹ̀gẹ́ wọn. Ewé á kákò, á ṣe tótòtó, tẹ́ ẹ bá wá hú u, ohun tẹ́ ẹ máa bá nídìí ẹ̀ ò ní ju ìka ọwọ́ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n wá èyí tí àrùn yẹn ò ní lè mú. Ọdún méje ni mo fi ń pa oríṣi kan pọ̀ mọ́ òmíràn, tí mò ń gbìn, tí mò ń sọ èyí tí kò dáa nù, kí n tó rí ẹyọ kan ṣoṣo. Kò tiẹ̀ lórúkọ, nọ́ńbà la fi ń pè é: Fọ́tì-Tíríì. Àrùn yí i ká, kò mú un. Ọrùn tó so ewé ẹ̀ mọ́ igi máa ń pupa, òun la fi ń dá a mọ̀.

Lọ́dún kan, a hú gbogbo ẹ̀, a gé igi ẹ̀, a dì í ní ìdì-ìdì, a kó o sábẹ́ àtíbàbà tá a fi koríko bò, à ń dúró de òjò. Igi yẹn là ń tún gbìn. Tí igi bá ti kú, ó ti tán. Ó yẹ kí n ti kó díẹ̀ lọ síbòmíràn. Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mo wà ní kíláàsì. Àwọn kan tó ń wá eku pa tiná bọ igbó, atẹ́gùn sì gbé e. Ká tó sáré débẹ̀, eérú ló kù. Mo dúró níbẹ̀, omijé ò tiẹ̀ jáde lójú mi. Ọdún méje! Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì bá mi kẹ́dùn, àmọ́ wọn ò fọ̀rọ̀ pa mọ́: kọ́ńtráàtì mi ò ní pẹ́ parí, àwọn tó ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ò sì ní gba eérú lọ́wọ́ wa.

Mo pe Màmi lórí Wásáàpù. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà sì gbé e sínú àdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi gbààwẹ̀ fún mi. Nígbà tó yá, Màmi pè mí padà. Wọ́n ní, "Bùsọ́lá, bá a ṣe ń gbàdúrà, nǹkan kan ṣáà ń wá sí mi lọ́kàn. Ṣé kò sẹ́ni tó o ṣẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Màmi, iná ló jó o. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wá kàn nínú ẹ̀?"

"Mi ò sọ pé ó kàn án. Mo kàn ń bi ọ́ ni."

Orúkọ kan ṣoṣo ló sọ sí mi lọ́kàn: Bana Chanda. Bá a ṣe ń sọ Ìyá Bọ́lá níbí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ Bana Chanda lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà kan ni wọ́n, wọ́n máa ń bá wa ro oko. Lọ́dún tó ṣáájú iná yẹn, wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀gẹ́ mi ti kú tán. Ẹ fún mi ní igi méjì péré nínú eléyìí." Òfin ò gbà á, a ò tí ì parí àyẹ̀wò ẹ̀. Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n mo jágbe mọ́ wọn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni, mo sì ní kí wọ́n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ dáadáa!

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé wọn. Mi ò wá ẹ̀gẹ́ lọ o. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá lọ. Bí mo ṣe dé iwájú ilé, mo kúnlẹ̀. Obìnrin máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn lọ́dọ̀ tiwọn náà, ni ìyá náà bá kúnlẹ̀, la bá ń wojú ara wa lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, ohun tí mo ṣe fún yín lọ́jọ́sí ò dáa. Ẹ foríjì mí."

Wọ́n bojú wo ẹ̀yìn ilé wọn, wọ́n ní, "Tíṣà, tí mo bá fi nǹkan kan hàn yín, ṣé ẹ ò ní pe ọlọ́pàá?"

Mo ní rárá o.

Wọ́n dìde, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Jésù! Ẹ̀gẹ́ mọ́kànlá, tó ga jù mí lọ, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí àmì àrùn kankan lára ẹ̀. Ọrùn ewé ẹ̀ pupa fòò. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Fọ́tì-Tíríì ni!

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tẹ́ ẹ lé mi, ẹ ní kí wọ́n lọ dáná sun èyí tó ṣẹ́ kù nínú igi náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbìn ín tán. Mo ṣa díẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò róúnjẹ jẹ ni. Látìgbà tí mo ti gbọ́ pé iná jó igi yín ni mo ti fẹ́ wá bá yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n sun ún o! Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti wá bú sẹ́kún.

Ìyá náà ní ká gé èyí tá a bá fẹ́. A fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù, wọ́n ní òun ni lóòótọ́, ara ẹ̀ sì mọ́. A gbìn ín, a gé e, a tún un gbìn. Wọ́n fa kọ́ńtráàtì mi gùn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fọwọ́ sí i pé káwọn àgbẹ̀ máa gbìn ín. Lọ́jọ́ tá a pín igi, èmi kọ́ ni mo dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Bana Chanda ni. Mo jókòó sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ṣí ìwé, mò ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.

Mi ò wá jẹ́rìí mọ́tò tàbí ilé lónìí. Mo ní kí Ọlọ́run dá iṣẹ́ mi padà, àṣé Ó ti tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí mo lé dànù. Kí ògo jẹ́ tirẹ̀ nìkan!

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, mo lọ dágbére fún Bana Chanda. Mo sọ fún wọn pé ìjọ kan wà ní Òkòkòmáìkò tó gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Kí lorúkọ wọn?" Mo ní wọ́n pọ̀, mi ò lè kà wọ́n tán. Wọ́n ní, "Wọn ò mọ̀ wá rí, wọ́n sì febi pa ara wọn nítorí wa? Ẹ bá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ṣèlérí. Ẹ jẹ́ káwọn akọrin gbé orin ọpẹ́ kan fún mi. Màmi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, màá wá gba ìlà yìí lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ̀yin ará mi, ká jọ yọ̀ nínú Olúwa!