Ọ̀já Tó Yọ Lórí Òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún rí àwáwí mìíràn ṣe. Èmi ni mo ní kí gbogbo yín wá jókòó sí pálọ̀ Dìímú lónìí: ọ̀gá wa, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ìwọ ìyàwó mi, àti ẹ̀yin ìyá aránṣọ tí ẹ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, tí mo sì ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun àpáta láìfarapa. Èmi ọ̀gá ààbò! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: Dìímú kò ju okùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá aránṣọ já bọ́. Èmi ni mo fa ìjàǹbá náà.

Gbogbo yín mọ̀ pé àbúrò ìyàwó mi ni Dìímú. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́, èmi náà ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí tó bá ti di okùn mú nísàlẹ̀, ọkàn oníbàárà máa ń balẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ṣòroó yé. Ẹnì kan á gba ẹ̀yìn lọ sórí àpáta, á fi ọ̀já líle méjì so ìkọ́ onírin mọ́ ohun méjì tí kò lè mì. Okùn á gba inú ìkọ́ yẹn kọjá, etí kan á wà lára ẹni tó ń gùn, èkejì á wà lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀, tí á dá a dúró bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Àmọ́ kí ẹni òkè tó pariwo pé "Ó lè máa bọ̀!", ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo ara fa ọ̀já kọ̀ọ̀kan wò. Èmi yìí ni mo kọ òfin yẹn sára ògiri ọ́fíìsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo so ọ̀já kan mọ́ igi. Ìyẹn dára. Mo so èkejì mọ́ òkúta kan, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án, ó mì díẹ̀. Ọ̀já gígùn tí ǹ bá fi dé òkúta gidi wà nínú báàgì mi nísàlẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni. Oòrùn ti ń mú, àwọn oníbàárà ti ń pàtẹ́wọ́ pé kí a tètè. Mo ní òkúta yẹn máa gbé e dúró. Ẹ wo ọ̀lẹ! Dìímú kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fà á wò?" Mo dáhùn pé, "Mo ti fà á! Ó lè máa bọ̀!" Mi ò fà á.

Nínú àwọn oníbàárà, ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ gùn. Wọ́n ń fi gbogbo wa ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo òrùlé ilé ìyá ọkọ àwọn látòkè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, wọ́n fara lé okùn kí wọ́n sinmi. Òkúta yí, ọ̀já yọ. Ti ara igi di ìkọ́ náà mú, ṣùgbọ́n ìkọ́ ti wálẹ̀ kó tó mú un, okùn sì dẹ̀ lójijì. Wọ́n já bọ́ tó ìwọ̀n gíga èèyàn méjì, wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá ibi tí àpáta yọ síta. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán. Dìímú rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Èmi ńkọ́? Mi ò sáré lọ bá wọn. Mo kọ́kọ́ dá ọ̀já padà sórí òkúta, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ há òkúta náà lábẹ́ kó má bàa mì mọ́.

Ọ̀gá gòkè, wọ́n rí ọ̀já méjèèjì bó ṣe yẹ, wọ́n mi orí, wọ́n sì yíjú sí Dìímú. Ìyá aránṣọ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé, "Ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ o. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè yọ̀." Ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń forí jì. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Dìímú fà mí sí kọ̀rọ̀ ní ọsibítù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà lókè, ẹ̀ ń wò mí. Lójú tèmi, ọwọ́ mi ò kúrò lára okùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" Ó ń wo ẹnu mi. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Àbúrò mi, mo rí i. Ó kúrò." Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ọjọ́ kejì ló fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìyàwó mi gbé ọmọ náà fún un nínú pálọ̀ yìí, ó ní, "Ó yá, bàbá ọmọ, gbà á." Dìímú ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í dúró." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Bí ẹ kò bá sì rìn ín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo gbà. Ìyá aránṣọ, mo kúnlẹ̀, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Dìímú, ọwọ́ rẹ ò kúrò lára okùn rárá. Ọwọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ìyá aránṣọ já délẹ̀. Má tíì dá mi lóhùn. Ọmọ ń sunkún ní yàrá. Dìde, lọ gbé e.